Wọ́n ní kátápọ́ọ̀tì tí mo gbẹ́ yóò ṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mí, Òṣogbo ni mò ń gbé. Kátápọ́ọ̀tì ni mò ń fi ọwọ́ ṣe, òmíràn láti ara pàlàkà igi gúáfà, òmíràn láti ara àjákù pákó tí mo bá rí ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Mo máa ń tà á fún àwọn ọ̀rẹ́ mi àtàwọn tó fẹ́ràn láti máa fi ta agolo. Ní oṣù tó kọjá, mo mú èyí tó wù mí jù lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà oníṣẹ́ igi kan ládùúgbò wa. Ọ̀kan nínú wọn yí i sọ́tùn-ún sósì, ó ní, "Èyí ò dáa, yóò ṣẹ́." Gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. N ò lè béèrè ohunkóhun. Láti ọjọ́ yẹn, n ò tíì fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ọmọdé kan mú tiẹ̀ wá hàn mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí mi yẹn gẹ́lẹ́ ni mo sọ sí i. Kò kí mi mọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń gba irú ọ̀rọ̀ báyìí, báwo ló sì ṣe ń sọ ọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kú iṣẹ́ o. Ká tó dé orí ọkàn tó bàjẹ́, jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ igi, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ yìí wà. Bàbá tó ní kátápọ́ọ̀tì rẹ yóò ṣẹ́ lè jàre. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnu ló ń já a jẹ. Ìwọ ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀, torí kò fi ìka tọ́ ibì kankan lára igi náà. Èyí gan-an ló burú nínú ohun tí wọ́n ṣe sí ọ, ó burú ju ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ.

Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ò pọ̀. Àríwísí tí kò bá lè tọ́ka sí ojú kan lára iṣẹ́, kó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ariwo lásán ni, bó ti wù kí ẹni tó sọ ọ́ dàgbà tó. Èyí tó bá sì lè ṣe é, gbà á, ì báà jẹ́ ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ ló sọ ọ́.

Kí ló ṣeé ṣe kí bàbá yẹn rí? O ò sọ fún mi bóyá ti gúáfà lo mú lọ ni àbí ti pákó. Bó bá jẹ́ ti pákó, mo fura pé ó mọ ohun tó ń sọ. Igi ní fọ́nrán, ìyẹn àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bá igi gùn lọ, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wẹ́rẹ́ ló máa ń là bó bá jẹ́ ojú fọ́nrán ló gbà, ṣùgbọ́n láti dá a ní ìdábùú fọ́nrán, iṣẹ́ ńlá ni. Nínú pàlàkà tó hù fúnra rẹ̀, fọ́nrán yìí ń bá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ, ó ń tẹ̀ bí ẹ̀ka ṣe tẹ̀, ó sì lọ́ mọ́ra ní oríta tí méjèèjì ti pàdé. Ìdí nìyẹn tí pàlàkà gúáfà tí kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ fi ń ru ohun tí pákó tó tóbi jù ú lọ ò lè rù. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ayùn gé àwòrán pàlàkà jáde lára pákó, fọ́nrán ò mọ̀ pé pàlàkà lò ń gé. Tààrà ló ń bá tiẹ̀ lọ. Bí o bá jẹ́ kó gùn lọ pẹ̀lú èèkù, yóò dábùú ìdí ẹ̀ka tó yà sí ẹ̀gbẹ́, fọ́nrán ibẹ̀ á kúrú, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti kán lọ́jọ́ tí o bá fà á dáadáa. Bí o bá sì dá a ní ìbú kó lè bá ẹ̀ka lọ, èèkù ni yóò kán. Kò sí bí o ṣe lè yí pákó lásán tí kò ní ní ibi tó ti kú díẹ̀ káàtó.

Pláìwúùdù yàtọ̀, torí pé fọ́nrán ìpele kan ń lọ sókè, ti èyí tó tẹ̀ lé e ń lọ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí tí ìpele rẹ̀ pọ̀, tó sì kì, àwọn tó ń ṣe kátápọ́ọ̀tì nílẹ̀ òkèèrè ń lò ó gan-an. Ṣùgbọ́n ti onípele mẹ́ta tí wọ́n fi ń kan àjà ilé, tí àlàfo wà nínú rẹ̀, má ṣe lò ó láé. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni ọmọdé tó bínú yẹn mú wá, òótọ́ lo sọ fún un. Bí o ṣe sọ ọ́ ni ẹjọ́ rẹ.

Bó bá wá jẹ́ ti gúáfà lo mú lọ, ìkánjú ló máa ń bà á jẹ́. Igi tútù tí o bó èèpo rẹ̀ tí o sì sá sóòrùn, ìta rẹ̀ á gbẹ ṣáájú inú. Ìta á fẹ́ sún kì, inú ò ní gbà fún un, igi á là. Fi èèpo sílẹ̀ lára rẹ̀. Yọ́ àbẹ́là sí ojú ibi tí o ti gé e, tàbí kí o fi ọ̀dà kùn ún, kí o gbé e sí ibòji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Máa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ìwúwo rẹ̀ ò bá dín kù mọ́ ló tó gbẹ. Ó ṣeé ṣe kí bàbá yẹn ti rí ìlà kékeré kan nínú oríta ẹ̀ka tí ìwọ rò pé àwòrán ara igi ni.

Wàyí o, o ní o ò lè béèrè ohunkóhun. Mo mọ ìdí. Nílẹ̀ wa, bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọmọdé tó bá ní "kí ló fà á?" ti di aláfojúdi lójú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn tó ń kọ irú nǹkan báyìí ní ilẹ̀ òyìnbó á ní kí o béèrè ìdí ní tààrà, kí o wo ojú ẹni náà. Dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù àwọn àgbà tó jókòó yẹn, wàá rí i. Ọ̀nà tí mo mọ̀ ni pé kí o fi ìdí sílẹ̀, kí o béèrè ibẹ̀. "Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó ti máa ṣẹ́, kí n lè lọ mójú tó o." Kí o sì fi ọwọ́ méjèèjì na igi àti pẹ́ńsù sí wọn. Kò sí ẹ̀gàn nínú ìbéèrè yìí, ó gbé wọn sípò ọ̀gá. Ẹni tó bá mọ ohun tó rí yóò sàmì sí i, ó sì dájú pé kò ní dúró lórí àmì kan. Yóò fa ìjókòó sún mọ́ ọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ níṣẹ́ tí àwọn mìíràn sanwó kí wọ́n tó kọ́. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan yóò ní, "Ìwọ ṣáà máa wò ó," yóò sì dá igi rẹ padà. O ti mọ bí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ṣe wúwo tó nìyẹn, o ò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Wọ́n á ní bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló ń mọ ibi tí yóò wó sí. Mo gbà. Òwe yẹn ò ṣáà ní kí àgbà dákẹ́ títí igi á fi wó, kó wá máa rẹ́rìn-ín.

Bí o bá dé ilé, má fi àmì pẹ́ńsù yẹn ṣe ohun tí o ń rò lóru. Dán an wò. Tú rọ́bà kúrò lára igi, kọ́ ọ sórí ìṣó, so korobá mọ́ awọ rẹ̀, kí o máa bu omi sínú korobá díẹ̀díẹ̀ títí rọ́bà yóò fi gùn tó ìwọ̀n tí o máa ń fà á tó. Wọn korobá àti omi rẹ̀ pọ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà kò le. Iye yẹn ni ẹrù tí igi rẹ ń rù nígbàkigbà tí o bá fẹ́ ta. Lẹ́yìn èyí, fi fáìsì di èèkù mú kí pàlàkà náà nà gbalaja bí ẹni sùn, kí ojú rẹ̀ tó máa ń kọ sí ohun tí o fẹ́ ta wà lókè, so okùn mọ́ ibi tí rọ́bà máa ń wà lórí ẹ̀ka méjèèjì, kí o wá gbé ìlọ́po méjì ẹrù yẹn kọ́ ọ. Bó bá jẹ́ kílò 8 lo rí nígbà àkọ́kọ́, kílò 16 ni wàá kọ́. Jẹ́ kí ìdí korobá sún mọ́ ilẹ̀, kí o sì fi í sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ ọmọdé máa ń di ẹ̀ka méjèèjì mú, wọ́n á máa fà wọ́n ya kúrò lára wọn, wọ́n á ní àwọn ti dán an wò. Ọ̀nà yẹn kọ́ ni rọ́bà ń gbà fa igi. Ẹ̀yìn ni ó ń fà á sí, síhà ojú ẹni tó ń ta á, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá ṣẹ́, ojú onítọ̀hún ni àfọ́kù rẹ̀ ń forí lé.

Gbólóhùn tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ni kí o fi máa ṣa ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ tó bá kan ojú, ìyẹn ẹyinjú tàwa èèyàn, òun ló ṣíwájú: igi tó là, rọ́bà tó ti gé díẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti so ó mọ́ awọ, okùn tó ń yọ̀ kúrò lórí ẹ̀ka. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ irú rẹ̀ fún ọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Rọ́bà kì í pẹ́ títí. Charles Goodyear ló gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 1844 lórí sísè rọ́bà pọ̀ mọ́ imí ọjọ́, kí ó má baà máa yọ́ nínú ooru kó sì máa gan nínú òtútù. Bí kò bá sí ti iṣẹ́ yẹn ni, kò sí kátápọ́ọ̀tì kankan tí à bá máa jiyàn lé lórí. Síbẹ̀, oòrùn àti ọjọ́ orí ṣì ń jẹ ẹ́. Wò ó kí o tó fà á, nígbà gbogbo, kí o sì wọ gíláàsì ojú.

Ọ̀rọ̀ tó kan bó ṣe ń ta ló tẹ̀ lé e. Wọ́n lè ní ọta rẹ ń rìn bí aláàárẹ̀. Má kọ́kọ́ dá igi lẹ́bi. Tíúbù tí o gbà lọ́wọ́ fọkanáísà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn lóde òní, butyl ni wọ́n fi ṣe é, irú rọ́bà tó mọ afẹ́fẹ́ mú dáadáa ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kì í yá láti padà bí a bá fà á. Agbára tí o fi fà á, kì í dá gbogbo rẹ̀ padà fún ọta. Rọ́bà gidi tó wá láti ara oje igi, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń di apá kó tó gba ẹ̀jẹ̀, ń padà kíákíá jù ú lọ. Gé e kó fẹ̀ níbi ẹ̀ka, kó sì tín-ín-rín bó ti ń lọ síbi awọ, yóò tún yára sí i. Irú àríwísí yìí dùn mọ́ mi, torí pé ẹ lè jọ dúró kí ẹ fi agolo parí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Ìyókù, ojú tí kálukú fi ń wo ẹwà ni. "Ó rí wúruwùru." "Kí lo gbẹ́ orí ẹyẹ sí i fún?" Gbọ́ ọ, kí o rẹ́rìn-ín, kí o sì ṣe bó ṣe wù ọ́. Àwọn Baule ní Côte d'Ivoire gbẹ́ orí èèyàn, ìbòjú àti ẹranko sí ara kátápọ́ọ̀tì wọn, lónìí àwọn olùkójọ iṣẹ́ ọnà ní Yúróòpù ń fi owó ńlá wá a. Mo mọ̀ dájú pé ẹnì kan á ti bi ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére yẹn rí pé kí ni eku tó fẹ́ pa fẹ́ fi orí èèyàn ṣe. Ó dá mi lójú pẹ̀lú pé ọmọ Òṣogbo, láàárín ìlú tó kún fún iṣẹ́ ọnà báyẹn, kò yẹ kó máa gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó fín igi.

Má ṣe gbójú lé ìyìn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ náà o. "Bọ̀ǹbọ́ ni iṣẹ́ yìí!" dùn létí, àmọ́ kò sí ohun tí o lè fi ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Àjèjì tó fi owó ara rẹ̀ rà á ló ń sọ òótọ́, pàápàá nígbà tí kò bá padà wá. Ní 1948, ní California, àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan, Richard Knerr àti Arthur Melin, bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ṣe kátápọ́ọ̀tì tà, wọ́n sì fi ìró ọta tó ba ohun tí a ta sọ ilé iṣẹ́ wọn lórúkọ, Wham-O. Ilé iṣẹ́ yẹn náà ló wá ta Frisbee, àwo tí wọ́n ń jù síra wọn ṣeré, àti Hula Hoop, róbótó tí wọ́n ń fi ìbàdí yí, káàkiri ayé. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rí ni wọ́n ń tajà fún. Bí o bá ta ọ̀kan, padà lọ béèrè lẹ́yìn oṣù kan pé kí ló kọ́kọ́ bàjẹ́ lára rẹ̀. Má béèrè bóyá ó dára. Á ní ó dára, kó lè bá ọ dọ́rẹ̀ẹ́.

Ní ti àwọn tí o ti tà láti ara pákó, gbà wọ́n padà kí o lọ kọ́ korobá sí wọn. Ó máa ná ọ lówó díẹ̀. Bí o ò bá lè ṣe ìyẹn, dáwọ́ títà dúró.

Ó ku ti ọmọdé yẹn. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe sí ọ lo gbé fún un, ìwọ náà ti sọ ọ́, nítorí náà n ò ní bá ọ wí lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá, kọ́kọ́ kí i kú iṣẹ́. Kí i tọkàntọkàn, torí ẹni tó jókòó ti igi fún ọjọ́ púpọ̀ tó sáńpépà títí ìka fi bó ti ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, ì báà ṣẹ́ lọ́la. Lẹ́yìn náà, bi í pé kí ló fẹ́ fi ta, báwo ló ṣe ń fà á jìnnà tó. Kátápọ́ọ̀tì tí ọmọdé fẹ́ fi ta ẹ̀kùrọ́ sí agolo kò nílò ohun tí ẹni tó fẹ́ fi irin róbótó inú béárìn ta nílò, bí o bá sì fi òṣùwọ̀n èyí wọn tọ̀hún, ìwọ lo kọ́kọ́ ṣì í. Dì í mú fúnra rẹ. Wo ibi tí àtàǹpàkò rẹ gbà. Ìgbà yẹn ni kí o tó sọ ohun kan, ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó léwu jù, kí o fi ìka tọ́ ọ: "Wo fọ́nrán ibi yìí, ó dábùú. Bí o bá fà á tó báyìí, ibí ló máa ti kán. Bóo bá lẹ pláìwúùdù tó kì mọ́ ọn lẹ́yìn, yóò gbé e." Ìyókù lè dúró di ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó bá kó àléébù méje bá ọmọdé lẹ́ẹ̀kan, ìkẹjọ ni ọmọ náà máa rántí, ìyẹn ojú tí o fi wò ó.

Má sì ṣe wá ìyìn irọ́ wá bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń kọ́ni pé kí o yìn ín, kí o bá a wí, kí o tún yìn ín. Ọmọ wa gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Á gbọ́ ìyìn àkọ́kọ́, á sì ti máa retí ẹgba. Bí ohun tó dára bá wà lára rẹ̀, tọ́ka sí òun náà bí o ṣe tọ́ka sí àléébù: "Bí o ṣe fáìlì ibi tí rọ́bà ń gbà yìí kò ní jẹ́ kó gé." Bí kò bá sí, kú iṣẹ́ tí o ti kí i ti tó.

Ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ti ẹwà tàbí ti bó ṣe ń ta, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kí o dákẹ́ bí kò bá bi ọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá rí igi tó ti là lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fà á, kígbe níbi tí o bá wà, lójú gbogbo ayé: "Má tíì fà á!" Kó bínú. Ojú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ tí yóò fi máa wò ọ́ láìda.

Ọ̀kan ṣì kù tí o ò béèrè. Ìwọ náà ń tà. Bí oníbàárà bá gbé tọmọdé yẹn wá bi ọ́ bóyá ó dáa, ìdánwò ni. Ohun tó bá léwu nìkan ni kí o sọ, kí o sì ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹni tó ṣe é.

Má dúró dè é kó wá kí ọ. Ìwọ lẹ̀gbọ́n, ìwọ ni kí o lọ. Mú èyí tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín yẹn dání, pẹ̀lú pẹ́ńsù. Sọ fún un pé wọ́n ní tìrẹ náà máa ṣẹ́, pé o ò tíì mọ ibi tó ti máa ṣẹ́, kó bá ọ wò ó kó sàmì sí i. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, má dáhùn àyàfi pẹ̀lú "ibo gan-an?" Kí ẹ wá jọ wá korobá àti okùn. Tìrẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sórí fáìsì.